Kírẹ́ẹ̀ṣì nínú ilé yín, nínú yàrá yíyá, tàbí lábẹ́ ilé-ìwé: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Okun

Ẹni tó bá fẹ́ máa gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú ní Kabba, ní Ìsànlú, ní Mọ̀pà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè ṣe é nínú ilé tó ń gbé. Ó lè gba yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ onílé. Ó sì lè lọ bá ilé-ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ti wà nílẹ̀, kí ó dúró lábẹ́ wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀), wọ́n á kun pátákó, wọ́n á wá máa wá ibi tí wọn yóò gbé e kọ́. Ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n fi ṣáájú yẹn. Ibi tí ẹ ó ti ṣe iṣẹ́ náà ló ń sọ irú ìwé tí ẹ nílò, ẹni tó máa wá yẹ ilé wò, iye ọmọ tí ẹ lè gbà, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ máa já lé lórí bí nǹkan bá ṣe ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ èrò tiwa kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀, tí ilé náà ní ọgbà tàbí tó ṣeé mọ ọgbà yí ká, kí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé pẹ̀lú ọmọ díẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé ẹbí tàbí ilé àyágbé, kí ó lọ bá ilé-ìwé. Yàrá yíyá la fi sí ìkẹyìn, nítorí owó ilé á ti máa lé ẹni kiri kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé, owó ilé yìí náà ló sì ń mú kí èèyàn gba ọmọ ju bó ti yẹ lọ.

Ohun tí òfin yà sọ́tọ̀

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Kogí náà ti sọ di òfin tirẹ̀, ní apá kan tó dá lórí títọ́jú ọmọ ọlọ́mọ lójúmọmọ. Ó ya ẹni tó ń gba owó tọ́jú ọmọ nínú ilé gbígbé sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń ṣe é ní ibòmíràn, ó sì fẹ́ kí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé ìjọba. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé “inú ilé mi ni, kò kan ìjọba” kò sọ òótọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín: Kabba fún Kabba/Búnú, Ìyàrà fún Ìjùmú, Mọ̀pà fún Mọ̀pà-Mùrò, Ìsànlú fún Yagba Ìlà-Oòrùn, Odò-Ẹrẹ̀ fún Yagba Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ má ṣe wọ mọ́tò lọ sí Lọ́kọ́ja kí ẹ tó ti ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ẹni tó ti ní lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń tètè dá lóhùn níbẹ̀.

Ohun kejì ni pé ìtọ́jú yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, ọmọ ọwọ́ títí dé ọdún mẹ́rin wà lábẹ́ ìtọ́jú ọmọdé. Ọmọ ọdún márùn-ún ló ń ṣe jẹ́lé-ó-sinmi ọdún kan kí ó tó wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé pátákó ìkọ̀wé síwájú ọmọ ọdún márùn-ún tí ẹ sì ń gba owó ẹ̀kọ́, ilé-ìwé lẹ ti dá sílẹ̀ yẹn. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Lọ́kọ́ja ló ń fọwọ́ sí ilé-ìwé aládàáni, wọ́n á sì béèrè kíláàsì, pápá ìṣeré, àti olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí NCE, tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin ló ṣèèṣì bọ́ sí inú èyí, nítorí pé àwọn òbí bẹ̀ wọ́n pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ́ wọn ní ABD díẹ̀.” Orin, àlọ́, kíka nǹkan lórí ìka, gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọmọ oṣù mẹ́ta sí ọdún mẹ́ta ni ẹ ń gbà, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ, ẹ fi lé ilé-ìwé lọ́wọ́.

| | Ilé tiyín | Yàrá yíyá | Abẹ́ ilé-ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì |
|---|---|---|---|
| Owó ìbẹ̀rẹ̀ | Ọgbà, ìdérí kànga, àtúnṣe yàrá kan | Owó ilé ọdún kan tàbí méjì, owó àgbékalẹ̀, àtúnṣe ilé onílé | Ẹní, ohun ìṣeré, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìwé |
| Ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i | Ẹ̀yin àti ọkọ tàbí aya. Ẹbí bó bá jẹ́ ilé ẹbí | Onílé, nínú ìwé | Ìgbìmọ̀ tó ni ilé-ìwé |
| Ọmọ tó bá a mu | 4 sí 6 | 8 sí 12, àgbà mẹ́ta | Bí yàrá bá ṣe gbà |
| Ibi tó ti ń bàjẹ́ | Iná, kànga, ará ilé àti àlejò | Ilé ìgbẹ́ àjùmọ̀lò, ooru, onílé | Ọlidé, ìyípadà ọ̀gá |
| Bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró | Kò sí gbèsè | Owó ilé ti lọ | Ẹ kó ẹrù yín |

Nínú ilé yín

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò kan ọmọ rárá. Ta ló nilé? Ọ̀pọ̀ ilé tí a ń pè ní tiwa ní ilẹ̀ Okun, ilé bàbá ni, gbogbo ọmọ bàbá ló sì ní in. Lábẹ́ àṣà àti òfin, ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá lo ilé ẹbí bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ló ní àṣẹ. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí ni ẹ fẹ́ lò, ẹ kọ ìwé kékeré kan: yàrá wo, apá ọgbà wo, agogo mélòó sí mélòó, fún ọdún mélòó. Kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí àgbà méjì jẹ́rìí, kí ẹ kọ déètì sí i. Ẹ ṣe é kí oṣù Kejìlá tó dé. Oṣù Kejìlá ni àwọn ará Àbújá àti Èkó ń wálé, ìgbà náà ni wọ́n máa ń béèrè pé ta ló ní kí wọ́n máa fi yàrá bàbá àwọn pa owó. A ti rí i tí wọ́n ti kírẹ́ẹ̀ṣì tó ń lọ dáadáa pa láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí èyí.

Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ kó ẹ̀rí jọ: rìsíìtì ilẹ̀, ìwé àdéhùn, tàbí ìwé àṣẹ ìgbélé láti ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ìṣètò ìlú ti ọdún 1992 ka yíyí ìlò ilé padà mọ́ ohun tó nílò àṣẹ. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí ní ọ́fíìsì ìṣètò ìlú: ilé gbígbé ni, yàrá kan ni a ó fi ṣe ìtọ́jú ọmọ, a ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ púpọ̀ ju ti ẹni tó sọ gbogbo ilé di ibi iṣẹ́.

Ẹ wá mú tépù. Yàrá tó wọ́pọ̀ nílé wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, 12 lóròó, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 144 nìyẹn. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń lò fún ilé ìtọ́jú ọmọ ni 35 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ilẹ̀ òfìfo tí ọmọ lè tẹ̀, láìka ibi tí àga àti kọ́bọ́ọ̀dù dúró sí. 144 yìí gba ọmọ mẹ́rin. Bí bẹ́ẹ̀dì ńlá bá wà níbẹ̀, kò gba ju méjì lọ. Ẹni tó bá kọ “ọmọ mẹ́wàá” sínú fọ́ọ̀mù, tó sì ní yàrá 12 ní 12 kan, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìwé rẹ̀ padà. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò, ẹ tẹ́ ẹní tó ṣeé fọ̀, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ fi orúnkún rìn yí yàrá náà ká, ojú yín kò sì gbọdọ̀ ga ju ti ọmọ tó ń rákò lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ihò iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀, wáyà ìsopọ̀ tó gba abẹ́ ẹní kọjá, ìṣó tó yọrí lára àpótí. Ẹ dé ilé ìdáná. Kẹrosíìnì inú ike míńrà ni ọ̀tá ọmọdé jùlọ nílé wa, nítorí ọmọ mọ ike yẹn, ó sì mọ ohun dídùn tí wọ́n máa ń dà sínú rẹ̀. Òògùn apakòkòrò Sniper ń bá a lọ, pẹ̀lú sódà ọṣẹ tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń tọ́jú sí abẹ́ tábìlì. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé pátápátá, tàbí kí wọ́n wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, lókè orí àgbà. Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fi ọwọ́ ki í lọ́nà ọ̀fun, ẹ má fún un ní epo pupa kí ó lè bì. Bó bá ń bì, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, ibẹ̀ ló ti ń pa ọmọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́gán.

Omi náà ń pa ọmọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè dorí kodò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, kò sì ní lè gbé orí sókè, torí orí ọmọ wúwo púpọ̀ bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀. Gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní ìdérí tàbí kí ó gbẹ. Kànga gbọ́dọ̀ ní ìdérí irin tó ní kọ́kọ́rọ́. Páànù tí wọ́n gbé òkúta lé kì í ṣe ìdérí.

Ẹ parí oúnjẹ sísè kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé, kí omi gbígbóná wà nínú filáàsì fún ògì. Kí sílíńdà gáàsì wà níta. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ó kéré tán kí ó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ní 20 ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹnu páìpù rẹ̀ kọjú sí òdì kejì. Èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn. Ọmọ tó ń sùn á kàn sùn lọ ni. Bí ilé yín kò bá ní ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi fáànù oníbátìrì rọ́pò jẹnẹrétọ̀ láàárín ọ̀sán.

Fèrèsé onírin wà nílé gbogbo wa nítorí olè. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà gé ọ̀kan, kí ó sọ ọ́ di èyí tó ń ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa wà lára ògiri, ní ibi tí àgbà lè nawọ́ mú nínú òkùnkùn. Pánápáná kò sún mọ́ ọ̀pọ̀ ìlú wa. Agolo ìpaná oníyẹ̀fun tó tó kílò mẹ́fà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ̀pẹ̀ méjì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbára lé, àti ọ̀nà àbájáde méjì. Lóṣooṣù, ẹ wo abẹ́rẹ́ orí agolo náà bóyá ó ṣì wà lórí àwọ̀ ewé.

Ará ilé ni ọ̀rọ̀ tó nira jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fo. Gbogbo àgbà tó ń sùn nínú ilé náà ló kan ìwé àṣẹ yín: ọkọ, àbúrò ọkọ, àyágbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ fi àṣẹ lé e pé ẹni tí kì í ṣe olùtọ́jú kò gbọdọ̀ wọ yàrá ọmọ, kò sì gbọdọ̀ gbé ọmọ jáde kúrò lójú yín, ìbáà ṣe ìyá ọkọ. Ẹ sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ìjà ló máa ń dà. Bí ẹnì kan bá wà nílé tí ẹ kò lè sọ èyí fún, tàbí tí ọkàn yín kò balẹ̀ sí, ẹ má ṣe é nínú ilé yẹn. Ẹ lọ bá ilé-ìwé.

Wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ló máa wá wo ìmọ́tótó. Ilé ìgbẹ́ àti ṣakawée ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè, pàápàá bí wọ́n ṣe jìnnà sí kànga tó. Mítà 30 ni ìwọ̀n tó dára. Àgbàlá wa kékeré, ọ̀pọ̀ ni kò dé ibẹ̀; bí tiyín kò bá dé ibẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi kànga kì í ṣe fún mímu, kí ẹ sì fi ibi tí ẹ ti ń ra omi mímu hàn. Kí ewúrẹ́ àti adìyẹ má ṣe wọ ibi tí ọmọ ti ń rákò. Kí bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu ẹ̀rọ kan pẹ̀lú ọṣẹ wà níbi tí ẹ ti ń pààrọ̀ páńpásì, òmíràn níbi oúnjẹ, kí wọ́n má pàdé. Ohun ìṣeré àti ilẹ̀ ni kí ẹ máa fi omi bílíìṣì nù. Bí ara ike bá sọ pé 3.5% ni, ife kan sí ife omi 34 ti tó. Ẹ pò ó lójoojúmọ́, torí agbára rẹ̀ ń lọ, ẹ má sì pò ó mọ́ Izal tàbí omi ìfọlé ìgbẹ́ kankan.

Yàrá yíyá

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ kúrò nínú ilé yín. Àlejò ọkọ yín kò kàn án mọ́, àyè sì lè gba ọmọ mẹ́jọ sí méjìlá bí àgbà mẹ́ta bá wà. Fún ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ni yóò gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n “kò séwu, ẹ ṣe é” tí onílé sọ lẹ́nu kì í ṣe ìwé. Kí ó wà nínú àdéhùn pé ìtọ́jú ọmọdé ni ẹ fẹ́ fi yàrá náà ṣe, pé ẹ lè gbé pátákó kọ́, pé ẹ lè mọ ọgbà, àti pé yóò fún yín ní oṣù mẹ́fà bí ó bá fẹ́ gba ilé rẹ̀. Láìsí èyí, ọ́fíìsì ìṣètò ìlú kò ní fọwọ́ sí i. Onílé náà sì lè sọ pé ariwo ọmọ ń dí òun lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti fi owó yín lé síílìn sí i.

Ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn kan tó kọjú sí títì kò dára, ẹ̀dínwó yòówù kí wọ́n fún yín. Kò ní ọ̀nà àbájáde kejì. Ní ojú ọ̀nà Ọ̀bàjànà sí Kabba, tí wọ́n da kọnkéré sí, tirela sìmẹ́ǹtì ń kọjá tọ̀sán tòru, ọmọ ọdún méjì sì yára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òrùlé páànù tí kò ní síílìn tún burú: láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ọmọ ọwọ́ kò lè sùn lábẹ́ rẹ̀ ní agogo kan ọ̀sán. Ẹ lọ wo yàrá náà ní agogo yẹn kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe ní òwúrọ̀. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé ń lo ilé ìgbẹ́ kan, ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé. Wolé-wolé kò ní fọwọ́ sí i, bó sì ṣe yẹ nìyẹn.

Ìṣirò kan wà tí a máa ń fi dá ara wa lójú. Ẹ pín owó ilé ọdún kan sí oṣù 12. Bí ó bá ju owó tí ọmọ méjì ń san lóṣù lọ, yàrá yẹn ti wọ́n jù. Owó olùtọ́jú kejì àti ẹ̀kẹta ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Abẹ́ ilé-ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì

Ìjọ ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa: ECWA ní Yagba, Kátólíìkì àti Áńgílíkà ní Kabba àti Ìjùmú. Ọ̀pọ̀ wọn ní yàrá òfìfo, ọgbà àti kànga onípọ́ọ̀ǹpù. Àwọn olùkọ́ fúnra wọn ló máa ń kọ́kọ́ gbé ọmọ wá.

Ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà ìfọwọ́sí láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ hàn yín. Ilé-ìwé tí ìwé tirẹ̀ kò tíì jáde kò lè fi abẹ́ rẹ̀ bo ẹlòmíràn. Bí ó bá ti jáde, ẹ wo ọjọ́ orí tó wà nínú rẹ̀: lẹ́tà tó sọ “jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀” kò sọ ọmọ oṣù mẹ́rin. Ọ̀gá ilé-ìwé ló yẹ kí ó kọ̀wé pé àwọn fẹ́ fi ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ kún un. Àdéhùn yín pẹ̀lú wọn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ òbí, ẹni tó ń san owó olùtọ́jú, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà ọlidé gígùn láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, tí ilé-ìwé ti pa ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀sì àti ìyá ọlọ́jà ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń gba kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́ yín ní gbogbo ọlidé, àwọn òbí yóò wá ibòmíràn, wọn kò sì ní padà. Kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, kì í ṣe pásítọ̀ nìkan. Wọ́n lè gbé pásítọ̀ lọ sí ìlú mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Orúkọ wo ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní CAC?

Fún inú ilé, orúkọ òwò ti tó. NIN yín, orúkọ méjì tí ẹ fẹ́, fọ́tò, àpẹẹrẹ ìfọwọ́sí àti àdírẹ́sì ni ẹ ó fi ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi í sọ́kàn pé orúkọ òwò kò yà yín sọ́tọ̀ sí iṣẹ́ yín: gbèsè iṣẹ́ náà gbèsè yín ni, ó lè dé orí ilẹ̀ àti ọkọ̀ yín. Lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ ó fi ìjábọ̀ ọdún ránṣẹ́ kí ó tó di 30 oṣù Kẹfà. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé èyí, owó ìtanràn á wá gun orí ara wọn.

Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló bá yàrá yíyá mu jù. Láti ìgbà tí CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀, owó ìdókòwò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí ₦100,000 nínú ìwé. Gbèsè rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, àmọ́ ìwé àti ìṣirò rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ márùn-ún.

Àwọn kan ń lọ sí ti ẹgbẹ́ alábòójútó, irú èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ìlú ń lò, nítorí wọ́n rò pé ìrànwọ́ á wọlé. Ó ní ìkéde nínú ìwé ìròyìn, ó ní ọjọ́ 28 tí ẹnikẹ́ni lè fi takò ó, èrè rẹ̀ kò sì ṣeé pín. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun, kí ó má lọ síbẹ̀.

Olùtọ́jú, ìwé, àti ọjọ́ ọjà

Ìwọ̀n tí àwa ń lò ni àgbà kan sí ọmọ mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún kan, sí mẹ́rin tí ó wà láàárín ọdún kan sí méjì, sí mẹ́fà tí ó ti ju ọdún méjì lọ. Ẹ má ṣe é láìsí àgbà kejì nítòsí, ìbáà ṣe ọmọ méjì péré, torí bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, ta ni yóò gbé e, ta ni yóò jókòó ti èkejì? Olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní onídùúró méjì tí ẹ mọ ilé wọn. Ẹ ní kí àwọn Red Cross kọ́ wọn ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tí nǹkan há lọ́fun: ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀ sórí apá yín, kí orí rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, ẹ fi ìsàlẹ̀ ọwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ yí i padà, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi jáde. Ẹ̀pà àti kúlíkúlí kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà rárá.

Ìwé tí olùyẹ̀wò máa ń ṣí ni ìwé ìgbà-wọlé. Orúkọ ọmọ, ẹni tó gbé e wá, agogo, bí ara rẹ̀ ṣe rí lójú yín (ibà, egbò, ikọ́), oúnjẹ tó wá pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó gbé e lọ, agogo, ìfọwọ́sí. Nínú fáìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi orúkọ ẹni mẹ́ta péré tó lè wá gbé e sí i, pẹ̀lú fọ́tò wọn. Bí ẹlòmíràn bá dé tó ní ìyá ní kí òun wá gbé e, ẹ fi fóònù pe ìyá lórí nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe èyí tí onítọ̀hún kà fún yín. Fọ́tòkọ́pì káàdì àjẹsára náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, oṣù kẹsàn-án, oṣù 15. Ọmọ tí ti oṣù kẹsàn-án kò tíì wọlé fún lè gbé àrùn wọ gbogbo yàrá.

Ọjọ́ ọjà ló máa ń ba ètò jẹ́ níbí. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, àwọn ìyá tí kì í ṣe oníbàárà yín yóò dé ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí, wọn yóò ní “ẹ bá mi mú un di ọ̀sán.” Ó ṣòro láti lé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará. Ẹni tó ní àyè ọmọ mẹ́fà nínú ìwé, kí ó gba mẹ́rin lóṣooṣù, kí ó fi àyè méjì sílẹ̀ fún ọjọ́ ọjà, kí àwọn ọmọ náà sì ní fáìlì bíi ti àwọn yòókù. Olùyẹ̀wò mọ ọjọ́ ọjà dáadáa, ọjọ́ náà ni wọ́n sì lè yàn láti wá.

Bí wọ́n bá rí àbùkù, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò padà wá. Ẹ má san owó kankan lọ́wọ́ sọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Báǹkì ni kí owó ìjọba gbà, kí rìsíìtì sì wà nínú fáìlì. Ẹ tún ohun tó kan ọmọ ṣe ṣáájú ohun tó kan ilé, kànga ṣáájú ọ̀dà. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ dín ọmọ kù, ẹ dín in kù lọ́jọ́ náà, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣẹ́kù sínú ìwé ìgbà-wọlé, kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún dé.